Ìtọ́sọ́nà fún Òbí: Bí A Ṣe Ń Ka Kírẹ́díìtì Ọmọ ní High School Amẹ́ríkà Títí Dé Ọjọ́ Ìgbàwé-Ẹ̀rí

Òbí tó jẹ́ pé ìdánwò WAEC ló fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà mọ̀ pé ìdánwò àṣekágbá ló ń sọ bí ọmọ ṣe ṣe sí. Ọmọ lè fi SS1 ṣeré, kó fi SS2 ṣeré, kó wá tẹpá mọ́ ọn ní SS3, kí èsì rẹ̀ sì dára. High school Amẹ́ríkà, tí í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ girama ọdún mẹ́rin láti kíláàsì 9 dé kíláàsì 12, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì 9 ni wọ́n ti ń kọ gbogbo ohun tí ọmọ bá ṣe sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá yege ń fún un ní kírẹ́díìtì, àkójọ àwọn kírẹ́díìtì wọ̀nyí ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní diploma. Nítorí náà, pé ọmọ wà ní kíláàsì 12 kò túmọ̀ sí pé yóò jáde lọ́dún náà. Mo mọ ìdílé kan tó ti ra aṣọ ayẹyẹ, tó ti pe ẹbí láti òkèèrè, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó pè wọ́n ní oṣù kẹrin pé ìdajì kírẹ́díìtì ẹ̀kọ́ ìlera kò sí nínú ìwé ọmọ wọn. Ọmọ náà yege ìṣirò, ó yege èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ ìlera tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni wọ́n fi dá a dúró. Mo kọ àwọn ìgbésẹ̀ yìí kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ má ṣe dé ilé yín.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín ṣe ń ka kírẹ́díìtì

Kírẹ́díìtì jẹ́ òṣùwọ̀n ohun méjì pa pọ̀: àsìkò tí ọmọ fi jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ náà, àti yíyege rẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Carnegie unit, èyí tí àjọ Carnegie Foundation sọ di mímọ̀ káàkiri ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àjọ náà ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó sì sọ pé yunifásítì tó bá fẹ́ jẹ nínú owó náà gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n kan pàtó fún àwọn ọmọ tó ń gbà wọlé. Ohun tí wọ́n fara mọ́ ni wákàtí 120 pẹ̀lú olùkọ́ lórí ẹ̀kọ́ kan láàárín ọdún kan. Àwọn ìpínlẹ̀ ti tún un ṣe lọ́nà tiwọn láti ìgbà náà: Florida ń béèrè wákàtí 135 fún kírẹ́díìtì kan, New York sì ń ka ìṣẹ́jú 180 lọ́sẹ̀ fún odindi ọdún ẹ̀kọ́.

Ohun tó ń da òbí láàmú jù ni pé nọ́ńbà náà kò dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Georgia, ẹ̀kọ́ tí ọmọ ṣe fún odindi ọdún jẹ́ kírẹ́díìtì 1, ti sẹ̀mẹ́sítà kan sì jẹ́ 0.5. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ California, ẹ̀kọ́ odindi ọdún kan náà jẹ́ kírẹ́díìtì 10. Ní ìlú New York, wọ́n máa ń ka kírẹ́díìtì 1 fún sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ nílò 44 níbẹ̀ nígbà tí ìwé ìpínlẹ̀ ń sọ pé 22. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní Los Angeles bá sọ pé òun ti ní kírẹ́díìtì 150, tí tiyín ní Atlanta sì ní 15, ẹ má ṣe bá ọmọ yín jà. Iye kan náà ni.

Ẹ tún béèrè iye ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè ṣe lọ́dún. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní àkókò ẹ̀kọ́ mẹ́fà lóòjọ́ lè fún ọmọ ní kírẹ́díìtì 6 lọ́dún, èyí tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ gígùn mẹ́rin lóòjọ́ tó sì ń pààrọ̀ wọn ní sẹ̀mẹ́sítà kejì lè fún un ní 8. Ìdáhùn sí ìbéèrè kékeré yìí ni yóò sọ fún yín bóyá ọmọ tó bá rẹ̀yìn lè lé ohun tó ṣẹ́kù bá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba àkójọ ohun tí wọ́n béèrè, kí ẹ sì wo ọdún tó wà lórí rẹ̀

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní ìlànà kan ṣoṣo lórí jíjáde ní high school. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Georgia ń béèrè kírẹ́díìtì 23, Florida 24, New York 22, Maryland 21. Texas ní méjì: ètò ìpìlẹ̀ jẹ́ 22, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá yan ẹ̀ka kan láàárín ẹ̀ka márùn-ún tí wọ́n ń pè ní endorsement yóò ṣe 26. Inú Texas yìí ni mo fẹ́ kí òbí ti ṣọ́ra jù. Nígbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì 9 ni wọ́n máa ń ní kó yan ẹ̀ka; lẹ́yìn kíláàsì 10, ó lè bọ́ sílẹ̀ sórí ètò 22 bí òbí bá fọwọ́ sí i. Àmọ́ ọmọ tó bá bọ́ sílẹ̀ kò lè gba ipele tí wọ́n ń pè ní Distinguished Level of Achievement, ipele yìí náà sì ni ọmọ ìpínlẹ̀ náà tó wà láàárín ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣáájú nínú kíláàsì rẹ̀ nílò kí òfin ìgbaniwọlé tààrà sí yunifásítì ìjọba tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ọmọ bá mú wálé láìkà á tán.

Iye tí ìpínlẹ̀ sọ jẹ́ ohun tó kéré jù. Àgbègbè ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ wà, tí wọ́n ń pè ní school district, lè fi tirẹ̀ kún un, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin California, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè ìṣirò ọdún 2 péré, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ district níbẹ̀ ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, àkójọ ti district yín ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọdún. Ọdún tí ọmọ kọ́kọ́ wọ kíláàsì 9 ló ń sọ àkójọ tí yóò bá a dé òpin, bí òfin bá tilẹ̀ yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní Florida, àwọn tó wọ kíláàsì 9 láti ọdún ẹ̀kọ́ 2023–2024 gbọ́dọ̀ ṣe ìdajì kírẹ́díìtì lórí ìṣọ́wóná àti ìfowópamọ́. Ẹ̀gbọ́n tó wọlé ní 2022 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìyá méjì nínú ilé kan náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, lè ní àkójọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé ti ẹ̀gbọ́n kọ́ ni kí ẹ fi tọ́ àbúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹ to ìwé rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń pàdánù ọdún kan tàbí méjì láìnídìí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ti parí SS2, ọmọ ọdún 16 ni. Ìwé tó mú dání kò ju testimonial olójú-ewé kan lọ, tó sọ pé ọmọ dáadáa ni, pé ó sì máa ń kópa nínú eré ìdárayá. Olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní counselor yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó wá máàkì kò rí i, ó wá orúkọ ẹ̀kọ́ kò rí i, ó sì fi ọmọ sí kíláàsì 9 láàárín àwọn ọmọ ọdún 14. A ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé, a san owó, a bẹ̀bẹ̀, ó tó oṣù mẹ́ta kí èsì sáà kọ̀ọ̀kan láti JSS3 tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀. Wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò, wọ́n fún un ní kírẹ́díìtì, wọ́n sì gbé e lọ sí kíláàsì 11. Oṣù mẹ́ta yẹn ìbá má ṣòfò bí ìwé náà bá ti wà nínú àpótí rẹ̀.

Èsì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún JSS3 àti gbogbo kíláàsì SS tí ọmọ ti ṣe ni kí ẹ gbà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti máàkì rẹ̀ hàn ketekete. JSS3 wà nínú rẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà máa ń ka ọdún náà sí kíláàsì 9. Bí ọmọ bá ti ṣe WASSCE tàbí BECE, ẹ mú èsì rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà kó kọ ìwé kúkurú kan tó ṣàlàyé òṣùwọ̀n máàkì rẹ̀, nítorí pé 65 tí wọ́n kà sí máàkì dáadáa nílé lè di D lójú ẹni tó ń lo òṣùwọ̀n tibí.

Ìṣirò nílò àlàyé tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe ẹ̀kọ́ náà lọ́dọọdún, áljẹ́bírà, jẹ́ómẹ́tírì àti ẹ̀kọ́ onígun mẹ́ta sì wà pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n pín in lọ́dọọdún sí Algebra I, Geometry àti Algebra II. Bí ìwé ọmọ bá sọ pé ó ṣe Mathematics fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò lè mọ èyí tó jẹ́ èwo, ó sì lè dá a padà sí Algebra I. Ẹ mú ìlànà ẹ̀kọ́ tàbí àkójọ orí-ọ̀rọ̀ inú ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ìdánwò wà tí ọmọ lè ṣe láti fi hàn pé ó ti kọjá ibẹ̀.

Ohun méjì kò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù níbẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Plyler v. Doe ní 1982, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò lè tìtorí ìwé ìgbélùú kọ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bí òbí kò bá sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un lórí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì. Kò yẹ kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó kan ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jókòó ti transcript pẹ̀lú rúlà àti bírò

Transcript ni ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́, máàkì àti kírẹ́díìtì ọmọ láti kíláàsì 9. Report card tó ń wálé kì í ṣe transcript. Ti sáà yẹn nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè fún transcript ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Òfin FERPA ti 1974 fún òbí ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí ẹ bá béèrè. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 18, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà ń bọ́ sí, nítorí náà ẹ ti sọ ọ́ di àṣà kó tó dìgbà náà.

Ẹ fa òpó mẹ́rin sórí ìwé: ohun tí wọ́n béèrè, ohun tó ti rí gbà, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ohun tó kù. Ẹ kọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti Georgia rí báyìí: èdè Gẹ̀ẹ́sì 4, ìṣirò 4, sáyẹ́ǹsì 4, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ 3, ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tàbí èdè òkèèrè tàbí iṣẹ́ ọnà 3, ẹ̀kọ́ ìlera àti ìdárayá 1, ẹ̀kọ́ àṣàyàn 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 23.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ọmọ kan tó parí kíláàsì 11 pẹ̀lú kírẹ́díìtì 18. Bí òbí bá yọ 18 kúrò nínú 23, yóò ní ó ku 5, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé náà wò. Gẹ̀ẹ́sì 3, ìṣirò 3, sáyẹ́ǹsì 3, àwùjọ 2, ìlera àti ìdárayá 0.5, iṣẹ́-ọwọ́ tàbí èdè tàbí iṣẹ́ ọnà 0.5, ẹ̀kọ́ àṣàyàn 6. Àṣàyàn 4 péré ni wọ́n béèrè. 2 tó lé kò lè di àlàfo ẹ̀ka mìíràn. Ohun tó kù gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì 1, ìṣirò 1, sáyẹ́ǹsì 1, àwùjọ 1, ìlera àti ìdárayá 0.5, àti 2.5 nínú ẹ̀ka iṣẹ́-ọwọ́, èdè àti iṣẹ́ ọnà. Ìyẹn jẹ́ 7. Bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń fúnni ní 6 lọ́dún, ọmọ yìí kò lè jáde ní oṣù karùn-ún àfi bó bá ṣe ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn (summer school) tàbí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò fìdí rẹmi rárá. Ẹ̀kọ́ tó yàn ló pọ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mọ ohun tí máàkì ń ṣe, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí ọmọ kò lọ

A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2, D jẹ́ 1, F jẹ́ òdo. Ìpíndọ́gba wọn ni GPA. Ọmọ tó ní A kan, B méjì àti C kan ní 12, tí a bá pín in sí mẹ́rin, GPA rẹ̀ jẹ́ 3.0. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi àlékún sí máàkì ẹ̀kọ́ tó le, bí AP (Advanced Placement, ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní high school), débi pé A níbẹ̀ lè jẹ́ 5. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ GPA tó ju 4 lọ. F kì í fúnni ní kírẹ́díìtì. D máa ń fúnni ní kírẹ́díìtì ní ibi púpọ̀, àmọ́ ó lè má wúlò fún yunifásítì, a ó dé ibẹ̀. GPA fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ara ohun tí wọ́n béèrè: Florida kì í fún ọmọ ní diploma bí GPA rẹ̀ kò bá tó 2.0, bó tilẹ̀ ní kírẹ́díìtì 24.

Ọmọ lè yege kó má sì rí kírẹ́díìtì gbà nítorí pé kò wá sí kíláàsì. Òfin Texas sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Bí sẹ̀mẹ́sítà bá ní ọjọ́ 90, ọjọ́ 9 ni gbogbo àyè tó ní. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó ọmọ lọ sílé ní Kérésìmesì láti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá, tí ẹ sì ń padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, ẹ ka ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ìrìn-àjò náà bá pọn dandan, bí òkú òbí tó fẹ́ wọlẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó lọ. Ìgbìmọ̀ wà ní Texas tó lè dá kírẹ́díìtì padà fún ọmọ tó ní ìdí pàtàkì, lẹ́tà yẹn ni yóò sì jẹ́ ẹ̀rí yín níwájú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ béèrè ìdánwò àti àwọn ohun tí kì í ṣe kírẹ́díìtì

Ìpínlẹ̀ kan ń béèrè ìdánwò, òmíràn kò béèrè. Texas ní márùn-ún: English I, English II, Algebra I, Biology àti ìtàn Amẹ́ríkà. Bí ó bá ku ọ̀kan tàbí méjì tí ọmọ kíláàsì 12 kò tíì yege, ìgbìmọ̀ kan lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. New York ní ìdánwò Regents, tí máàkì ìyege rẹ̀ jẹ́ 65, ìpinnu sì ti wà láti yí ètò náà padà. California kò ní ìdánwò ìjáde mọ́. Ní Massachusetts, àwọn ará ìlú dìbò ní oṣù Kọkànlá 2024 pé ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MCAS kò gbọdọ̀ di dandan mọ́ kí ọmọ tó jáde. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ gbọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè má jẹ́ òótọ́ mọ́.

Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ náà wà. Maryland ń béèrè wákàtí 75 tàbí ètò mìíràn tí káńtì (county) bá ṣe tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, Washington, D.C. sì ń béèrè wákàtí 100. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lè wọ inú rẹ̀ nígbà mìíràn, bíi pípín oúnjẹ fún aláìní, ṣùgbọ́n kíkọrin nínú ìsìn kì í sábà wọ̀ ọ́. Ẹ gba ìfọwọ́sí kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ṣe é tán.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ọmọ bá fìdí rẹmi, ẹ tún un ṣe kó tó tutù

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ kò yege ní kíláàsì 9, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ tún un ṣe. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ń tẹ̀ léra ni. Ọmọ tí kò bá yege Algebra I kò ní ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé ní Algebra II. Ètò tí wọ́n ń pè ní credit recovery, tó sábà máa ń jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà, máa ń jẹ́ kí ọmọ tún ibi tí kò yege ṣe kíákíá. Ẹ béèrè bóyá máàkì tuntun yóò rọ́pò F àtijọ́ nínú GPA tàbí méjèèjì ni wọn yóò pa pọ̀. Bí ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù tó sì fẹ́ ṣe é ní yunifásítì, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì, gba irú ètò náà, nítorí wọ́n ń béèrè ẹ̀kọ́ pàtàkì 16, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kà mọ́ ọn.

Ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, tó sì ní IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún òun nìkan, lè máa gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ọdún 21 ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bí kò bá tíì gba diploma gidi. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìwé ẹ̀rí tó kàn sọ pé ọmọ parí kì í ṣe diploma, bí a bá sì ti gba diploma gidi, ẹ̀tọ́ yẹn parí. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń mú ọmọ yín lọ síbẹ̀ láti kíláàsì 9, kì í ṣe ní kíláàsì 12.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ má ṣe fi àkójọ ìjáde rọ́pò àkójọ yunifásítì

Ohun tó lè mú ọmọ jáde lè má mú un wọlé síbi tó ń lọ. California fi èyí hàn kedere: àwọn yunifásítì ìjọba UC (University of California) àti CSU (California State University) ń béèrè ẹ̀kọ́ 15, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti odindi ọdún kan, tí wọ́n ń pè ní A-G, UC sì fẹ́ kí 11 nínú rẹ̀ ti parí kí ọdún ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀. C ni máàkì tó kéré jù níbẹ̀. Ọmọ tó fi D yege lè gba diploma, kó sì rí i pé ilẹ̀kùn méjèèjì ti tì.

Èdè òkèèrè wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè, ibí yìí ni èdè wa ti lè ṣe ọmọ lóore. California bẹ̀rẹ̀ àmì ẹ̀yẹ Seal of Biliteracy ní 2011, ó sì ti tàn dé ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ọmọ tó bá fi hàn pé òun mọ Gẹ̀ẹ́sì àti èdè mìíràn ni wọ́n ń fún. Ìdánwò wà fún Yorùbá kíkọ àti sísọ tí àwọn district kan ń gbà, àwọn mìíràn sì ń fún ọmọ tó yege ní kírẹ́díìtì èdè òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbọ́ tí kò lè fèsì, tó ń sọ tí kò lè kọ, kò ní yege. Ẹ máa bá a sọ ọ́ nílé, kí ẹ sì máa jẹ́ kó kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà.

Ẹ̀kọ́ AP máa ń parí pẹ̀lú ìdánwò ní oṣù karùn-ún, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ láti 1 dé 5. Dual enrollment yàtọ̀ sí i: kíláàsì yunifásítì gan-an ni, máàkì tí ọmọ bá gbà níbẹ̀ yóò sì wà lórí ìwé yunifásítì rẹ̀ títí lọ. Ọmọ ọdún 16 tí kò tíì lè ṣètò àsìkò rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò yẹ fún un, bó ti wù kí ọpọlọ rẹ̀ pé tó.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọdún ìkẹyìn

Ní oṣù Kẹsàn-án tí ọmọ bá wọ kíláàsì 12, ẹ bá counselor ṣe ìpàdé, kí ẹ gbé ìwé olópó mẹ́rin yín kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan pa pọ̀. Bí ó bá sọ pé ohun gbogbo pé, ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ lórí í-meèlì. Counselor kan lè ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọ lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọjọ́ yẹn lè ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó dé. Ẹ tún ìwé náà wò ní oṣù Kìíní, nígbà tí máàkì sẹ̀mẹ́sítà kìíní bá jáde, nítorí ìgbà yẹn ṣì ni àyè láti fi ẹ̀kọ́ kan kún un.

Ní àkókò kan náà, ẹ béèrè orúkọ tí wọn yóò tẹ̀ sórí diploma. Orúkọ àwọn ọmọ wa gùn, kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń gé e: Olúwadámilọ́lá a di Oluwadamil, orúkọ bàbá a wá síwájú, orúkọ àárín a pòórá. Ẹ fi páṣípọ́ọ̀tì wé e lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n sì tún un ṣe kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé, nítorí pé àtúnṣe lẹ́yìn náà máa ń gba owó àti oṣù.

Ayẹyẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń gba ọmọ láyè láti wọ aṣọ kó sì gorí pèpéle, kí páálí tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ sì ṣófo, títí yóò fi parí ohun tó kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ẹ ń wá ni transcript ìkẹyìn tí ọjọ́ ìjáde wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ẹ ní kí ilé-ẹ̀kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ tààrà sí yunifásítì, kí ẹ sì gba méjì sí i nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ má ṣe já a. Ibi tí ọmọ bá mú un lọ ni kí wọ́n ti já a.